Iyan Tí Kò Ní Àmì

“‘Iyán yìí ni yóò pa mí!’”

Ìsípẹ́kítọ̀ Akínbọ́lá ka gbólóhùn náà sókè, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì tó bẹ́ẹ̀ tí ife tíì rẹ̀ fò.

“Ẹni tó ń kú lọ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́,” ó ní. “Kí la tún ń wá kiri? Sájẹ́ńtì, lọ tẹ ìwé ẹ̀sùn obìnrin yẹn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní, ọkọ̀ yóò gbé e lọ sí Àkúrẹ́.”

Sájẹ́ńtì Mọ̀dínátù Ọláoyè kò tètè fèsì. Òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó wà ní àgọ́ wọn ní Adó-Èkìtì lọ́dún 1978 yẹn. Ó ti mọ̀ pé bí òun bá yára sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ẹnu òun ti pọ̀ jù. Bí òun bá sì pẹ́ kí òun tó sọ ọ́, wọ́n á ní òun ò mọ nǹkan kan. Ó na ọwọ́, ó gba ìwé náà.

Ojú ewé kan ṣoṣo ni, tí wọ́n ya nínú ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ iṣẹ́ kíláàsì. Inú àpò ẹ̀wù Olúfúnṣọ́ Adéyẹyè ni àwọn nọ́ọ̀sì ti bá a. Tísà ni Adéyẹyè ní ilé-ìwé girama kan nínú ìlú. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ó ṣubú lulẹ̀ nídìí oúnjẹ nínú ilé rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọjọ́ kẹta rèé, ó wà ní ọsibítù, kò lajú, kò fọhùn. Dókítà ní májèlé ni. Iyán tí Sẹ̀gilọlá aya rẹ̀ gún ló wà níwájú rẹ̀ nígbà tó ṣubú, Sẹ̀gilọlá yìí kan náà ló sì ra òògùn eku ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìdí nìyí tí obìnrin náà fi wà lẹ́yìn irin.

Mọ̀dínátù ka ìwé náà jẹ́jẹ́. Kò sí àmì kankan lórí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀:

Iyan yii ni yoo pa mi.
Idi kin-in-ni: ojo keta ree, ko tii tan.
Idi keji: eni ti mo feran ni o gbe e siwaju mi.
Idi keta: bi mo ba gbe e mi, inu mi yoo baje titi lae.

Ó mọ irú ìkọ̀wé yìí. Ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, Ọ̀gá Adéyẹyè ló kọ́ ọ ní àròkọ. Ohùn rẹ̀ ṣì wà ní etí rẹ̀: “Ẹ kọ́kọ́ kọ gbólóhùn olórí, ohun tí ẹ fẹ́ kí ènìyàn gbà pé òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹsẹ̀ tí yóò gbé e dúró. Bí ẹsẹ̀ kò bá jẹ́ ti orí yẹn, ẹ̀yin ti gbé orí ewúrẹ́ lé ọrùn àgùntàn.”

“Ọ̀gá,” ó ní, “iyán wo ló ń di ọjọ́ kẹta tí kò tíì tán?”

“Ṣé ìwọ ò gbọ́ rí pé iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́ ni?”

Kọ́púrù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín.

“Bí ó bá mọ̀ pé májèlé wà nínú rẹ̀, kí ló ń jẹ ẹ́ fún?”

Akínbọ́lá nu tíì tó dà sórí tábìlì. “Ọkùnrin a máa jẹ ohunkóhun lọ́wọ́ ìyàwó tó bá fẹ́ràn. Òun náà sọ ọ́ níbẹ̀: ẹni tí mo fẹ́ràn ni ó gbé e síwájú mi. Inú mi yóò bàjẹ́. Kí ló ń ba inú jẹ́ bí kò ṣe májèlé?”

“Ẹ fún mi di aago mẹ́rin, sà.”

“Bí ó bá lé ní ìṣẹ́jú kan, mi ò mọ̀ ọ́ rí.”

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì ni.

*

Orí pákó ni Sẹ̀gilọlá jókòó sí nínú àhámọ́. Ó ti tú gèlè rẹ̀, ó fi ń nu ojú. Obìnrin Ìgèdè ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ sì ti wú.

“Ìyá Monínúọlá, ẹ má bẹ̀rù,” ni Mọ̀dínátù wí, ó lóṣòó níwájú rẹ̀. “Ọkọ yín ló kọ́ mi níwèé. Aago mélòó ló dé láti ilé-ìwé ní Ọjọ́rú?”

“Aago méjì kọjá díẹ̀. Ó ti ń di inú mú kó tó wọlé. Mo rò pé ebi ni. Mo gbé iyán fún un. Òkèlè méjì péré, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì.”

“Ó ti ń di inú mú kó tó wọlé? Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá wa?”

“Wọ́n ní kí n máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ní, ṣé èmi ni mo gún iyán? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé mo ra òògùn eku? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.” Ẹkún gbà á lọ́rọ̀.

“Ta tún ló jẹ nínú iyán náà?”

“Èmi. Àti ìyá ọkọ mi. Odó kan náà, ìkòkò ọbẹ̀ kan náà. Ara ìyá le koko.”

“Òògùn eku ńkọ́?”

“Ó wà lórí àjà. N kò tíì tú u.”

Mọ̀dínátù kọ ọ́ sílẹ̀. “Báwo ni ọkọ yín ṣe rí lọ́sẹ̀ yìí?”

“Kò sùn láti Ọjọ́ Ajé. Àwọn ìwé rẹ̀ méje kan wà, èyí tó fi ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà. Ọdún mẹ́wàá ló fi rìn kiri Ìyìn, Igbemọ, Ìgèdè tiwa, tó ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pè ní òótọ́, kí ni wọ́n ń pè ní òdodo. Ó kó gbogbo wọn lọ sí ilé-ìwé láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kò sì kó wọn padà. Mo bi í léèrè títí ó fi sú u. Ó ní, ‘Sẹ̀gi, fi mí sílẹ̀. N kò lè fi uyàn kún uyàn.’”

Gègé dúró lọ́wọ́ Mọ̀dínátù.

Uyàn. Lẹ́nu ará Èkìtì, uyàn. Bí tísà bá fẹ́ kọ ọ́ sórí ìwé, iyàn. Bí ó bá sì ń kánjú, tí kò fi àmì sí i, kí ni ọlọ́pàá tí ebi ń pa yóò kà? Iyán.

Ó tún ìwé náà kà nínú ọkàn rẹ̀. Iyàn yìí ni yóò pa mí. Ọjọ́ kẹta rèé, kò tíì tán. Iyàn lè jẹ́ ọjọ́ kẹta. Ẹni tí mo fẹ́ràn ni ó gbé e síwájú mi. Bí mo bá gbé e mì, tí mo dákẹ́, inú mi yóò bàjẹ́ títí láé. Gbogbo ẹsẹ̀ bá orí mu. Kì í ṣe ikùn ló ń sọ, ìbànújẹ́ ni.

Ta wá ni Adéyẹyè ń bá jiyàn?

*

Ó kọ́kọ́ dé ilé wọn. Ìyá ọkọ Sẹ̀gilọlá ló di àga mú fún un tó fi gun àjà. Páálí òògùn eku náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, eruku ti bò ó, bébà tí wọ́n fi lẹ ẹnu rẹ̀ kò sì tíì já. Àmì orúkọ ìsọ̀ Mọ́rúfù wà lára rẹ̀.

Nígbà tó rí orúkọ yẹn, ó sọ̀ kalẹ̀ kíá. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Adéyẹyè àti Mọ́rúfù kì í pàdé lálẹ́ láìjiyàn. Àwọn ọmọdé a máa dúró wò wọ́n. Ẹni tó ń bá a jiyàn, tó tún ń ta májèlé! Ó yára débi pé bàtà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Mọ́rúfù ń ka ìṣó lórí àtẹ nígbà tó wọlé. Arúgbó kúkurú kan ni, fìlà rẹ̀ funfun. Mọ̀dínátù mọ̀ ọ́n láti kékeré. Bàbá tó bí i àti arúgbó náà jọ ń kírun ni.

“Bàbá, kí ni ẹ̀yin àti Ọ̀gá Adéyẹyè ń bá ara yín fà?”

Bàbá náà gbójú sókè. “Ẹja.”

“Ẹja wo?”

“Mo ní ẹja kì í sùn. Ó ní ó ń sùn. Ọdún keje rèé.” Ojú rẹ̀ rọ̀. “Ọmọ mi, bí Ọlọ́run bá jí i dìde, màá gbà fún un. Ẹja ń sùn. Kó ṣáà jí.”

Mọ̀dínátù rí omi lójú rẹ̀, ìfura rẹ̀ sì rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n tú afẹ́fẹ́ inú táyà. Iyàn ọdún méje tó ń mú àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín kọ́ ni iyàn ọjọ́ mẹ́ta tó ń gba oorun lójú ènìyàn.

Ó ti kọ̀yìn kí ó tó rántí.

“Bàbá, àwọn ọlọ́pàá wá bá yín nípa òògùn eku?”

“Wọ́n wá. Wọ́n ní ṣé mo tà á fún Sẹ̀gilọlá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ta lẹ tún tà á fún?”

“Wọn ò bi mí ní ìyẹn.”

“Èmi ń bi yín.”

“Méjì péré ló jáde lọ́sẹ̀ méjì yìí. Ọ̀kan, Sẹ̀gilọlá. Èkejì, ọ̀gá kan láti ilé-ìwé wọn. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wá. Igbákejì ọ̀gá àgbà, èyí tí wọ́n ń pè ní Ajíbádé. Ó ní eku ń jẹ ìwé ní sítọ́ọ̀.”

Òótọ́ ni bàbá náà sọ fún àwọn ọlọ́pàá, Mọ̀dínátù rò ó nínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí wọ́n gé sí méjì, tí wọ́n mú ìdajì rẹ̀ lọ, ló gbé Sẹ̀gilọlá sí àhámọ́.

*

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òun àti kọ́púrù náà, ẹni tó yà mú ní àgọ́, sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé.

Ìyá Ẹ̀bùnọlá, ẹni tó ń gbálẹ̀ tó sì ń po tíì fún àwọn tísà, wà lẹ́yìn yàrá wọn, ó ń sá aṣọ ìnuwọ́ sóòrùn.

“Ìyá, ta ló po tíì fún Ọ̀gá Adéyẹyè ní Ọjọ́rú?”

“Èmi kọ́. Ọ̀gá Ajíbádé ní kí n gbé omi gbígbóná wá sí ọ́fíìsì òun, ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì jọ mu ún ní àkókò ìsinmi.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Nǹkan kan yà mí lẹ́nu. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń fọ ife nínú ulé yìí, Ọ̀gá Ajíbádé kò fọ ife rí. Lọ́jọ́ náà, ó gbé ife kan jáde fúnra rẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

“Ẹ̀yin lẹ ń gbá sítọ́ọ̀ ìwé? Ṣé ẹ rí òògùn eku níbẹ̀?”

“Eku wo? Ológbò wa ti kó wọn tán láti ọdún tó kọjá.”

Mọ̀dínátù dúpẹ́. Ó fẹ́ yà sí ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ó dúró. Ẹsẹ̀ ti pé méjì. Síbẹ̀, kò tíì mọ ìdí tí ọ̀rẹ́ yóò fi fẹ́ pa ọ̀rẹ́. Ó yọ ìwé Adéyẹyè jáde, ó fi han akọ̀wé tó ń tẹ ìwé ní gbọ̀ngàn. “Ẹ bá mi ka ìlà àkọ́kọ́.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó, ó mí kanlẹ̀. “Iyán yìí ni yóò pa mí. Háà, tísà wa!”

Ó fi han tísà obìnrin kan tó ń kọjá. Ìyẹn náà kà á ní iyán. Gbogbo ìlú ló ti gbọ́ ti iyán Sẹ̀gilọlá. Iyán ni ojú gbogbo wọn ń rí.

*

Olúmúyìwá Ajíbádé dìde fún wọn, ó fi àga lọ̀ wọ́n. Ọkùnrin tó mọ aṣọ wọ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù. Kọ́bọ́ọ̀dù kan tí wọ́n tì pa wà lẹ́yìn àga rẹ̀. Lórí tábìlì rẹ̀, ìwé aláwọ̀ pupa kan wà tí wọ́n fi lẹ́tà wúrà kọ orúkọ rẹ̀ sí lẹ́yìn.

“Iṣẹ́ tí mo fi gba oyè ní yunifásítì,” ó ní nígbà tó rí i pé Mọ̀dínátù ń wò ó. “Wọ́n ní tìtorí rẹ̀ ni wọn yóò ṣe fi mí jẹ ọ̀gá àgbà ní oṣù tó ń bọ̀.”

“Ẹ kú oríire, sà. Kí ló dá lé?”

“Àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà Èkìtì fi ń sọ nípa òótọ́ àti irọ́.”

Mọ̀dínátù rọra fi ìka kan ìwé pupa náà, kò ṣí i. Ọdún mẹ́wàá, Ìyìn, Igbemọ, Ìgèdè. Ìwé méje tí kò padà sílé.

“Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe Ọ̀gá Adéyẹyè, sà?”

“Ta ni kò gbọ́? Ìyàwó rẹ̀ fi májèlé sínú iyán. Ọ̀rẹ́ mi ni, Sájẹ́ńtì. Ogún ọdún.”

“Ṣé ohunkóhun wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì lọ́sẹ̀ yìí? Ìjà? Àríyànjiyàn?”

“Rárá. Kò sí.”

“Kò sí rárá?”

“Mo ní kò sí.”

Mọ̀dínátù na ìwé náà sí i. “Ọwọ́ rẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á sókè kí kọ́púrù kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ajíbádé gbà á. Ó rí ìkọ̀wé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀lé e. Ó kà á pẹ̀lú ohùn tó ti wọlẹ̀: “Iyàn yìí ni yóò pa mí. Ìdí kìn-ín-ní—”

Ó gbé ojú kúrò lórí ìwé náà.

Ní ìta, àwọn ọmọ kíláàsì kan ń ka ìṣirò pọ̀.

“Ẹ tún un kà, sà,” ni Mọ̀dínátù wí.

“Iyán,” ni Ajíbádé wí. “Iyán yìí ni yóò pa mí.”

“Ẹ ti kà á tẹ́lẹ̀ ní iyàn.”

“Àmì kò sí lórí rẹ̀! Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé lè kà á báyìí, ó lè kà á báyẹn. Ṣé ìyẹn náà lẹ̀rí?”

“Òótọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Ó kàn jẹ́ kí n mọ gbólóhùn olórí tí mo fẹ́ kọ ni. Ẹ̀yin lẹ fún Ọ̀gá Adéyẹyè ní májèlé. Ẹ jẹ́ kí n wá ẹsẹ̀ fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ra òògùn eku lọ́wọ́ Mọ́rúfù.”

“Eku wà ní sítọ́ọ̀.”

“Ẹni tó ń gbá sítọ́ọ̀ ní kò sí. Níbo ni páálí náà wà? Ẹ fi hàn mí.”

Ajíbádé yí ojú sí fèrèsé.

“Ní Ọjọ́rú, ẹ̀yin lẹ po tíì tó mu. Ẹ fọ ife rẹ̀ fúnra yín, ohun tí ẹ kò ṣe rí láti ọdún mẹ́fà. Inú ti ń run ún kó tó rí iyán sójú. Èyí tó kù, ìdí tó fi jẹ́ iyàn, mo gbà pé ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn yín yẹn. Kọ́púrù, ẹ gba kọ́kọ́rọ́.”

“Ẹ má ṣí i,” ni Ajíbádé wí, ṣùgbọ́n ó ti ń fa kọ́kọ́rọ́ náà yọ lápò, ó sì gbé e sórí tábìlì bí ẹni tí ẹrù ti sú.

Ìwé méje náà wà lábẹ́ àwọn ìwé ìdánwò àtijọ́. Mọ̀dínátù ṣí ọ̀kan. Ìkọ̀wé Adéyẹyè kún ojú ewé: òótọ́, òtítọ́, òdodo, èké, iyàn, awuyewuye, ìlú tó ti gbọ́ ọ, orúkọ àgbà tó sọ ọ́. Ìyá arúgbó kan ní Igbemọ ti sọ fún un pé, “Òótọ́ ni ohun tí ojú rí. Òdodo ni ohun tí ọwọ́ ṣe sí i.” Ó ṣí ìwé pupa. Ọ̀rọ̀ kan náà ló bá níbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orúkọ Adéyẹyè nìkan ni kò sí.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún un ni, àbí òun ló rí i?”

“Òun ló rí i.” Ohùn Ajíbádé ti gbẹ. “Ní Ọjọ́ Ajé. Ó kó ìwé rẹ̀ wá, ó ní ká fi wọ́n wéra. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń jiyàn. Mo ní kó dákẹ́ nítorí ọ̀rẹ́. Ó ní kí n kọ̀wé sí yunifásítì fúnra mi kó tó di Ọjọ́ Ẹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á lọ síbẹ̀. Mo rò pé inú á kàn run ún ni, tí kò fi ní lè rìnrìn àjò. Mi ò fẹ́ kó kú.”

“Kí ló dé tí ẹ ò jó ìwé wọ̀nyí?”

Ó wo àwọn ìwé náà títí. “Mo dáná lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lè jù wọ́n sínú iná. Ọ̀rọ̀ bàbá tèmi náà wà nínú wọn.”

Mọ̀dínátù fi ojú sọ fún kọ́púrù. Ajíbádé kò jà nígbà tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n sí i lọ́wọ́.

*

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n padà dé àgọ́. Ìsípẹ́kítọ̀ Akínbọ́lá gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Ó ka ìwé tí Ajíbádé fọwọ́ sí, ó gbé ìwé ẹ̀sùn Sẹ̀gilọlá, ó sì ya á sí méjì.

“Iyàn,” ó ní. “Háà. Iyàn!” Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n tẹlifóònù dún. Ó gbé e sétí. Ó gbọ́, ó ní “Ìgbà wo?”, ó tún gbọ́, ó sì rọra gbé e kalẹ̀.

“Ọsibítù ni,” ó ní. “Láìpẹ́ yìí. Adéyẹyè kò lajú kó tó dágbére fáyé.”

Mọ̀dínátù di etí tábìlì mú.

“Màá rán kọ́púrù lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀,” ni Akínbọ́lá wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Mọ̀dínátù gbọ́ tí ohùn rẹ̀ rọ̀.

“Rárá, sà. Èmi ni màá sọ ọ́.”

Ó gba kọ́kọ́rọ́ àhámọ́. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ ogún lọ, ṣùgbọ́n ó gùn lójú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti fi rin ìlú láti òwúrọ̀, ẹ̀rí, ìdí, olórí, ẹsẹ̀, kò sí èyí tó wúlò fún un mọ́.

Sẹ̀gilọlá gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́, ó dìde. Nígbà tó rí i pé ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, tí kò sì sí ọlọ́pàá mìíràn lẹ́yìn Mọ̀dínátù, ẹ̀rín bọ́ sí i lójú.

“Wọ́n ti mọ̀ pé èmi kọ́?”

“Wọ́n ti mọ̀, Ìyá Monínúọlá. Ajíbádé ni. Ó ti jẹ́wọ́. Ẹ ti dòmìnira.”

“Ọlọ́run ṣeun! Ẹ jẹ́ kí n sáré dé ọsibítù. Ó fẹ́ràn kí n jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀.” Ó ti ń wé gèlè rẹ̀.

Mọ̀dínátù mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, gèlè náà sì jábọ́. Ó sọ ọ́ fún un ní èdè ilé wọn, jẹ́jẹ́, láìfi ọ̀rọ̀ kankan bò ó.

“Irọ́ ni,” ni Sẹ̀gilọlá wí.

Ó tún wí pé, “Irọ́ ni. Òkèlè méjì péré ló jẹ. Ó ti ń mí lánàá, ìyá ọkọ mi ní ó ń mí. Ẹ padà lọ bi wọ́n léèrè. Ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ.” Ó ń to ìdí lórí ìdí, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì.

Mọ̀dínátù kò bá a jiyàn. Ó fà á mọ́ra, àwọn méjèèjì sì jókòó sórí pákó náà, ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ níwájú wọn.